Bí Èmi àti Ìyá Ìyàwó Mi Ṣe Rin Ọ̀nà Agbọ́njà Dé Afìyẹ́fò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Agbọ́njà, ẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn yìí kí oòrùn má baà pa yín. Ẹni tó ní iṣẹ́ lóko, kí iṣẹ́ náà dúró dè é. Ẹni tó ní ìjà nílé, kí ó gbé e fún aládùúgbò rẹ̀ kó bá a jà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí a ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́yalé, èmi tí ẹkùn rí tó fi ọ̀nà sílẹ̀ tó yà sínú ẹ̀gún, èmi tí mo na iwin lẹ́gba títí ó fi ké pe ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fọ́nnu, kí ó bojú wo ẹsẹ̀ òsì mi. Ìka mélòó ló rí níbẹ̀? Mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí méjì yòókù lọ kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí irun orí mi dúdú bí ìdí ìkòkò, mo fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnyẹlá bí. Nígbà náà, àwọn ará Afìyẹ́fò ṣì ń wá ná ọjà wa. Abìyẹ́ ni gbogbo wọn. Ìyẹ́ ló wà lára wọn níbi tí apá wà lára wa, èékánná ẹsẹ̀ wọn sì gùn ju ọ̀bẹ lọ. Ohun méjì ni ọ̀nà tó wà láàárín Agbọ́njà àti Afìyẹ́fò. Fún ẹni tó ní ìyẹ́, bí ó bá gbéra nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wà ka iná, yóò ti balẹ̀ kí ẹ̀wà náà tó rọ̀. Fún ẹlẹ́sẹ̀ bí èmi àti ẹ̀yin, bí ó bá gbéra nígbà tí a ń kọ ebè, tí orí bá sì bá a ṣe é, yóò dé nígbà tí iṣu tuntun bá ń jáde. Igbó ló wà láàárín, iwin ló sì ni igbó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé ibẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí a ń kọ ebè, Àwẹ̀ró dúró ti igbá iyọ̀ rẹ̀, èmi náà dúró ti Àwẹ̀ró, mo ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀. Òjìji kan bo ọjà. Kí á tó gbójú sókè, abìyẹ́ kan ti já ṣòòròṣò bí àṣá tó rí òròmọdìẹ, ó ki èékánná bọ Àwẹ̀ró léjìká méjèèjì, ó sì gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi kán sórí iyọ̀. Mo gbé ìbọn sójú, ṣùgbọ́n ta ni yóò yìnbọn lu ẹni tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe apata?

Abìyẹ́ náà kígbe sí mi láti òkè pé, "Ọdẹ! Ọba wa, Abìyẹ́bídà, ló rán mi. Ní ọjọ́ àjọ̀dún iṣu tuntun ni yóò gbé obìnrin yìí níyàwó. A ó gé apá rẹ̀ méjèèjì, a ó fi ìyẹ́ rọ́pò wọn. Bí o bá fẹ́ bá wa jẹ àsè ìyàwó, máa rìn bọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Afìyẹ́fò tó wà lọ́jà náà na ìyẹ́, wọ́n fò tẹ̀ lé e, ọjà sì dá páro.

N kò sunkún. Ọdẹ kì í sunkún lójú ọjà. Mo gbé ìbọn mi lọ sílé, mo mú àdá, mo kó ẹ̀tù sínú àdó, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹni tí mo bá ní bodè ìlú ni Ẹfúnyẹlá, ìyá ìyàwó mi. Ó ti so aṣọ mọ́ ìbàdí, ó gbé ọmọ odó lé èjìká, ọmọ odó ìrókò tó ga tó ọmọdé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí ìwọ náà ń lọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé. Igbó iwin ni, kì í ṣe igbó tí ẹ ti ń ṣẹ́ igi."

"Ọdẹ́rìndé, ta ló bí Àwẹ̀ró?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

"Ìwọ bí i?"

"Rárá o, ìyá."

"Dìde nílẹ̀, eruku ń wọ̀ ọ́ nímú. Ìyàwó lo pàdánù, o lè fẹ́ òmíràn. Ọmọ ni tèmi, n kò sì ní ibi tí mo ti fẹ́ bí òmíràn mọ́. Bọ́ síwájú."

Báyìí ni a ṣe gbéra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó le ju ogun lọ, n ó ní kí ẹ lọ bá ìyá ìyàwó yín rìnrìn-àjò. Bí mo bá fẹ́ họ ara, mo ní láti sá sẹ́yìn igi. Bí ebi bá ń pa mí, mo ń fi ẹ̀yìn sí i jẹun bí olè. Bí ó bá sì ní kí n sinmi, mo ní láti ní kò rẹ̀ mí, nígbà tí mo ti ń fi ìbọn mi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀.

Igbó tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni igbó Oníwọ̀n. A rìn, a rìn, òkè kan tí à ń wò níwájú kò sún mọ́ wa. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan, òkè náà a gbé méjì sẹ́yìn. Ìgbà tó yá ni a rí okùn kan tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pupa, ó ń yọ̀, eṣinṣin sì bò ó. Ìyá Àwẹ̀ró fi ìka kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní, "Ìfun ènìyàn ni."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Oníwọ̀n jókòó sí ìdí okùn náà. Ẹ gbọ́ mi o: orí rẹ̀ tó odó, ojú méjì wà ní orúnkún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ya láti etí dé etí. Gbogbo arìnrìn-àjò tó bá pa, ìfun rẹ̀ ni yóò fà yọ, yóò so ó mọ́ ti ẹni ìṣáájú, bí okùn bá sì ti gùn sí i ni ọ̀nà ń gùn sí i. Ìfun àwọn tó ń kú lójú ọ̀nà ló fi ń sọ ọ̀nà di jíjìn.

Ó rí wa, orúnkún rẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Àlọ́ kan ni mo ní. Bí ẹ bá já a, ẹ ó kọjá. Bí ẹ kò bá já a, ìfun yín yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ló kúrò nílé kí a tó bí baba yín, tí kò tíì dé ibi tó ń lọ, tí kò jókòó rí, tí kò sì rẹ̀ ẹ́?"

Èmi tí mo ń pe ara mi ní akọni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo lè sá gbà. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi pòṣé.

"Èyí náà làlọ́? Ọ̀nà ni. Ta ló kọ́ ọ ní àlọ́ pípa? Yà fún wa."

Iwin kì í fẹ́ kí á já àlọ́ òun. Oníwọ̀n bú ramúramù, ó fi ọwọ́ kan gbá mi mọ́ igi, èémí kúrò nínú mi. Mo yìnbọn fún un, ìbọn fọ́ ojú orúnkún ọ̀tún, omi dúdú tú jáde. Ó gbé mi sókè, ó fi èékánná wá ìdodo mi bí ẹni tó ń wá ẹnu àpò. Nígbà náà ni mo gbọ́ gbì! Ìyá Àwẹ̀ró ti sọ ọmọ odó kalẹ̀ lórí ojú orúnkún òsì. Oníwọ̀n fọ́jú, ó ṣubú, ó ń fi ọwọ́ wá wa kiri ilẹ̀. Ìyá gun àyà rẹ̀. Gbì! Gbì! Gbì! Ó gún un bí ẹni tí àlejò ń dúró de iyán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, orí Oníwọ̀n kò ní ìrísí orí mọ́.

Mo fa àdá yọ, mo gé okùn ìfun náà. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́: ilẹ̀ mì, ọ̀nà fà sẹ́yìn bí ìgbín tí a fi iyọ̀ kàn, òkè tó wà lókèèrè sì sáré wá bá wa bí ajá tí olówó rẹ̀ pè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ibẹ̀ kò ti jìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn òkè náà, a wọ ìlú kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Àwọn ará ibẹ̀ sanra, wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa, wọ́n gbé àpótí fún wa láti jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ kú ẹsẹ̀! Ẹ jẹ́ ká fọ ẹsẹ̀ yín." Wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá nínú agbada. Ó dùn mọ́ mi títí ojú mi fi ń pa dé. Àfi bí ìyá ìyàwó mi ṣe gbá mi lórí.

"Ọkọ ọmọ mi! Ata ló wà nínú omi yìí! Wọ́n ti bu iyọ̀ sí i, wọ́n sì ti gé àlùbọ́sà lé e!"

Mo wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó ń fọ ẹsẹ̀ mi ti tẹ orí ba, ó ti fi eyín gbá ìka méjì mú, kí n tó fa ẹsẹ̀, ó ti gé wọn jẹ wọ́mù! Ìlú Ajẹsẹ̀ ni a wọ̀. Wọ́n sé ẹnubodè. Ọkùnrin wọn, obìnrin wọn, gbogbo wọn yọ ọ̀bẹ ìdáná jáde lábẹ́ aṣọ. Mo da omi ata náà sójú ẹni tó jẹ ìka mi, ata ta á lójú. Mo fi àdá gé ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e, mo gé ọrùn ẹni kẹta. Èmi àti ìyá fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn, a ń yípo bí òòyì, àdá ní iwájú, ọmọ odó ní ẹ̀yìn, títí a kò fi rí ilẹ̀ tí a óò tẹ̀ àfi òkú. Nígbà tó yá, àwọn tó kù rí òkú ará wọn nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì méjì. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbàgbé wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹni tó bá ń jẹ ará rẹ̀, ta ni kò ní jẹ? A fọ́ ẹnubodè, a jáde. Ìyá ya lára aṣọ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó ní tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá, òun yóò fi ọmọ odó lù mí.

A rìn títí òjò àkọ́rọ̀ fi lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí àgbẹ̀ kan lókèèrè tó ru iṣu, eèpẹ̀ tútù sì wà lára iṣu náà. A wo ara wa. Iṣu tuntun ti jáde, a kò sì rí Afìyẹ́fò níwájú wa. Mo rí i tí ọwọ́ ìyá gbọ̀n lára ọmọ odó.

Etí adágún kan ni a ti bá abìyẹ́ kan tó tẹ̀ ba tó ń mumi. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló gbé Àwẹ̀ró lọ́jà. Mo yìnbọn fún un ní itan, ó ṣubú, kó tó lè na ìyẹ́, ìyá ti jókòó lé e lọ́rùn.

"Níbo lọmọ mi wà?"

Ó ké, "Ìyá, ẹ ṣàánú mi! Àṣágbénró lorúkọ mi, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ọmọ yín wà láàyè. Ẹ wo orí mi!" Etí òsì kò sí lórí rẹ̀. "Òun ló gé e jẹ lójú ọ̀run bí mo ti ń gbé e lọ. Ọba ní ẹni tí obìnrin gé létí jẹ kò gbọdọ̀ dúró níwájú òun mọ́, ó sì lé mi síta bí ajá."

Inú ìyá dùn. Ó ní, "Eyín ọmọ mi mú. Ìgbà wo ni àjọ̀dún náà?"

"Òní ni. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, wọn yóò gé apá rẹ̀."

Mo bi í pé, "Bí a bá fẹsẹ̀ rìn láti ibí ńkọ́?"

"Ẹ ó bá ìyẹ́ lára rẹ̀, ẹ ó sì bá oyún nínú rẹ̀."

"Bí a bá fò ńkọ́?"

"Kí omi ẹ̀wà tó hó."

Ìyá dìde kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Tẹ̀ ba. O ó gbé wa."

A gun ẹ̀yìn Àṣágbénró, mo fi àdá lé e lọ́rùn. Ó na ìyẹ́, ilẹ̀ sá kúrò lábẹ́ wa. Igbó tí à bá fi oṣù gé kọjá ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹní tí a ń ká. Mo ní, "Ìyá, ẹ dì mí mú." Ó ní, "Kí èmi di ọkọ ọmọ mi mú níwájú ta ni? Di ara rẹ mú!"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba rí wa nígbà tí òrùlé ìlú ń yọ. Wọ́n wá bí eéṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ti jà nílẹ̀, ẹ kò tíì jà. Ojú ọ̀run kò ní igi tí a ń sá sí, kò ní ògiri tí a ń fi ẹ̀yìn tì. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ já lù mí, mo la ìyẹ́ rẹ̀ kúrò lára, ó ń yí lọ sílẹ̀, igbe rẹ̀ ń kéré sí i. Èkejì gbá mi ní ẹ̀yìn, ó ya ẹran níbẹ̀. Ìyá fi ọmọ odó gbá a lórí, agbárí rẹ̀ là. Ẹ̀kẹta bọ́ sábẹ́, ó fi èékánná fa ìyẹ́ ọ̀tún Àṣágbénró ya. Ẹ̀jẹ̀ wa àti tiwọn ń rọ̀ sórí oko bí òjò. Àgbẹ̀ ń gbójú sókè, wọ́n ń sá. A ń ṣubú. Bí a ti ń ṣubú, a ń jà. Àárín agbo àjọ̀dún gan-an ni a já lé, lórí òrùlé ewé, òrùlé wó, a sì yí gbirigbiri jáde níwájú Abìyẹ́bídà ọba.

A ti pẹ́. Bí mo ti gbójú sókè ni àáké balẹ̀. Apá òsì Àwẹ̀ró bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi tí wọ́n dè é mọ́. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákú. Alápatà náà tún gbé àáké sókè láti gé ọ̀tún. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orí rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn kí àáké tó sọ̀. Mo fi okùn di kùkùté apá ìyàwó mi, mo di í títí ẹ̀jẹ̀ fi dín, mo sì kọjú sí ọba.

Orúkọ rẹ̀ kò purọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ idà, ó ń dún ṣáńṣáń bó ti ń na án. Mo yìnbọn, ọta fọ́ lára rẹ̀. Mo ju àdá, àdá ta padà. Ó gbọn ìyẹ́ kan, idà mẹ́rin fò jáde, ọ̀kan gún mi ní èjìká, ó kàn mí mọ́ òpó. Ó ń bọ̀ wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ìyẹ́ láti pín mi sí méjì.

Ìyá Àwẹ̀ró ju ọmọ odó nù. Ó rìn lọ bá ọba láìsáré, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbá a mọ́ra. Bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ tó dé láti ìdálẹ̀ mọ́ra ló ṣe gbá a mọ́ra, ó há ìyẹ́ méjèèjì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí ṣóńṣó àwọn idà náà tí wọ́n ń yọ ní ẹ̀yìn aṣọ ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tú ọwọ́.

"Ọdẹ́rìndé! Kí lò ń wò? Gé e!"

Mo já ara mi kúrò lára òpó, ẹran èjìká mi kù síbẹ̀. Mo he àdá. Ọrùn ọba nìkan ni kò ní ìyẹ́. Mo gba orí èjìká ìyá ìyàwó mi gé e, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, orí náà sì bọ́. Nígbà tí àwọn ará Afìyẹ́fò rí orí ọba wọn nílẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n na ìyẹ́, ojú ọ̀run ṣókùnkùn nítorí pípọ̀ wọn, ìlú sì ṣófo.

Mo tẹ́ ìyá sílẹ̀. Ó fà mí létí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, ó wo ibi tí ọmọ rẹ̀ dákú sí, ó sì kú.

Àṣágbénró nìkan ló kù ní ìlú náà. Ó wo ìyẹ́ rẹ̀ tó ya, ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Ọdẹ, mo lè fò lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹ́ yìí ti parí. Ẹni méjì ni mo lè gbé."

Kí ni mo tún fẹ́ rò? Ìyàwó mi kò ní yè bí kò bá rí oníṣègùn kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹrà sí ilẹ̀ àwọn ẹni yẹn. Mo ní kí ó gé irin àdá mi jẹ, kí ó búra. Ó gé e jẹ, ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ó búra. Mo fi aṣọ di àwọn méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn, òkú àti alààyè, orí ọmọ lórí àyà ìyá. Wọ́n gbéra. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi kéré bí ẹyẹ ẹ̀gà, títí n kò fi rí wọn mọ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò délé kí n tó rin ojú ọ̀nà ìlú náà jáde.

Èmi fẹsẹ̀ rìn. N kò ní sọ ohun tí mo rí lọ́nà àbọ̀ fún yín. Ẹni tó bá mọ bí ó ti rí kí ọkùnrin máa rìn láìmọ̀ bóyá opó ni òun tàbí ọkọ, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kí n tó rí òrùlé Agbọ́njà.

Àwẹ̀ró jókòó sí iwájú ilé. Ó fi ọwọ́ kan tó kù há ẹ̀gúsí mọ́ eyín, ó ń pa á. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀. Ibojì ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ wa lábẹ́ fèrèsé, koríko ti hù lórí rẹ̀. Mo bá a pa ẹ̀gúsí inú igbá náà títí ó fi tán.

Ó wá bi mí pé, "Àṣágbénró ní ẹ̀yin lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nígbà tó ń kú. Kí ló sọ?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rántí òkè tó ń sá fún wa, àti ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ẹsẹ̀, àti bí ọwọ́ arúgbó náà ṣe gbọ̀n nígbà tó rí iṣu tútù.

Mo ní, "Ó ní, 'Sọ fún Àwẹ̀ró pé ọ̀nà náà kò jìn.'"

Ìgbà náà ló tó sunkún.

Ó tó. Ẹnu ọdẹ ti gbẹ. Ẹ dìde, kí oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, kí ó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé.